Ọ̀RÁ TÍ Ń LÀJÀ LÁÀÁRÍN EPO ÀTI OMI

Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá yà sí ọ̀kan nínú àwọn ilé-ìtajà tí ó wà ní Allen Avenue ní Ìkẹjà, tí ó mú agolo wàrà tàbí ike bọ́tà tàbí ṣokoléètì kan lọ́wọ́, tí ó sì fara balẹ̀ ka ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́ tí a tẹ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀, kì yóò pẹ́ kí ó tó kan orúkọ kan tí àwọn baba wa kò gbọ́ rí. Lẹ́sítìnì ni orúkọ náà. Ní ara ọjà mìíràn, a kì í kọ orúkọ rẹ̀ rárá. Àmì E322 nìkan ni a ń kọ. Àwọn ìyá kan rí i, ẹ̀rù sì bà wọ́n, wọ́n ní oògùn àjèjì ni a fi sínú oúnjẹ ọmọ. Àwọn mìíràn gbọ́ pé ó ń mú ọpọlọ jí pépé, wọ́n sì ń fi owó ilé ra hóró rẹ̀ bí ẹni ń ra wúrà. Ó dára kí á wádìí ọ̀ràn náà, nítorí pé ó kan ìkòkò ọbẹ̀ wa, ó sì kan ẹ̀mí àwọn ọmọ-ọwọ́ wa pẹ̀lú.

OHUN TÍ Ó JẸ́

Gbogbo wa ni a mọ̀ pé epo àti omi kì í bá ara wọn rẹ́. Bí ọbẹ̀ bá jinná, epo a léfòó sókè, omi a sì wà nísàlẹ̀. Bí a tilẹ̀ fi ṣíbí rò wọ́n pọ̀, bí ọwọ́ bá ti dúró, olúkúlùkù a padà sí àyè tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ ilé dán èyí wò ní ọ̀sán Sátidé kan. Kí wọ́n bu omi ìdajì ife sínú ìgò tí ó ní ìdérí, kí wọ́n da òróró ṣíbí méjì lé e, kí wọ́n dé e, kí wọ́n sì gbọ̀n ọ́n dáadáa. Láìpẹ́, wọn yóò rí i pé òróró ti gòkè, omi sì ti sọ̀ kalẹ̀. Nígbà náà, kí ìyá wọn ya pupa ẹyin kan sọ́tọ̀, kí ó fi sínú ìgò náà, kí wọ́n sì tún un gbọ̀n. Omi àti òróró yóò di ọ̀kan, yóò ki, yóò sì rí bí wàrà, kò sì ní tètè yà mọ́. Kí wọ́n da á nù lẹ́yìn èyí, nítorí pé ẹyin tí a kò sè kì í ṣe ohun mímu.

Ta ni ó làjà láàárín àwọn méjèèjì? Ọ̀rá kan tí ó wà nínú pupa ẹyin ni. Òróró lásán dàbí igi tí ó ní ẹ̀ka mẹ́ta, gbogbo ẹ̀ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kò sì fẹ́ràn omi. Ṣùgbọ́n ọ̀rá tí à ń sọ yìí, ẹ̀ka méjì péré ni ó ní tí ó jẹ́ ti òróró. Ní ipò ẹ̀ka kẹta ni a ti rí ohun tí ó ní fọ́sfọ́rọ́ọ̀sì nínú, omi sì ni ọ̀rẹ́ èyí. Nítorí náà ni orí rẹ̀ fi ń wà nínú omi, tí ìrù rẹ̀ méjèèjì sì ń wà nínú òróró, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó gbọ́ èdè ìlú méjì tí ó dúró ní ààlà, tí ó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún tọ̀tún tòsì. Fosfolípìdì ni àwọn onímọ̀ ń pe gbogbo ọ̀rá irú èyí. Lẹ́sítìnì sì ni orúkọ tí a fi ń pe èyí tí a yọ láti inú ẹyin tàbí ẹ̀wà sóyà fún iṣẹ́ oúnjẹ.

Kí orúkọ fọ́sfọ́rọ́ọ̀sì má ṣe dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Hennig Brand, ará ìlú Hamburg ní Jámánì, ni ó kọ́kọ́ rí i ní ọdún 1669, nígbà tí ó se ìtọ̀ púpọ̀púpọ̀ títí ó fi ku ohun kan tí ń tàn nínú òkùnkùn. Òun ni ó wà ní ẹ̀gbẹ́ páálí ìṣáná tí a ń ṣá igi rẹ̀ sí. Òun kan náà ni ó wà nínú egungun àti eyín wa. Nípa irú ẹgbẹ́ tí ohun kan bá kó ni a ti í mọ ìwà rẹ̀: ó kẹ́gbẹ́ kan, ó di iná, ó kẹ́gbẹ́ mìíràn, ó di egungun, ó sì tún bá ọ̀rá kẹ́gbẹ́, ó di onílàjà.

Ọkùnrin ará Faransé kan tí ń po oògùn ní Paris, Théodore Gobley, ni ó yọ ọ̀rá yìí jáde láti inú pupa ẹyin ní nǹkan bí ọdún 1845. Ní ọdún 1850, ó fún un ní orúkọ tí ó ń jẹ́ títí di òní, láti inú ọ̀rọ̀ tí àwọn Gíríìkì fi ń pe pupa ẹyin. Nítorí náà, orúkọ tí ń dẹ́rù ba àwọn ìyá lára agolo kò ju orúkọ ẹyin lọ.

BÍ Ó TI DÉ INÚ AGOLO

Ilẹ̀ Ìkẹjà àti Agége yẹ ní ibi tí à ń kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Ní nǹkan bí ọdún 1880, Captain J. P. L. Davies dá oko kòkó ní Ìjàn, lẹ́bàá Agége. Lẹ́yìn rẹ̀ ni J. K. Coker ti Ìfàkọ̀ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá Ẹgbẹ́ Àwọn Àgbẹ̀ Agége sílẹ̀ ní 1907, ọ̀pọ̀ àwọn tí ó bá wọn ṣiṣẹ́ oko ni ó sì gbé irúgbìn kòkó padà lọ sí ìlú wọn nínú ilẹ̀ Yorùbá. Nígbà tí ó yá, kí òmìnira tó dé ní 1960, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ ní Ìkẹjà fún ilé-iṣẹ́ ńláńlá. Ní 1965 ni a fi orúkọ Cadbury Nigeria sílẹ̀ lábẹ́ òfin, Àgídíǹgbí, tí kò jìnnà sí Allen Avenue, ni ó sì ti ń ṣe Bournvita. Ògbà ni WAMCO, tí a dá sílẹ̀ ní 1973, ti ń ṣe wàrà Peak. Báyìí ni ilẹ̀ tí ó ti jẹ́ oko kòkó fi di àdúgbò tí kòkó àti wàrà ti ń wọ inú agolo.

Ní ibi gbogbo ní ayé tí a bá ti ń fi kòkó, wàrà àti òróró ṣe oúnjẹ, ìjà epo àti omi yìí kan náà ni àwọn òṣìṣẹ́ ń bá pàdé. Ẹ wo ṣokoléètì. Ìyẹ̀fun kòkó àti ṣúgà ni, tí a pò mọ́ ọ̀rá kòkó. Ṣúgà kò fẹ́ràn ọ̀rá, nítorí náà ó ń ṣù pọ̀, gbogbo rẹ̀ a sì le bí ẹrẹ̀. Láyé àtijọ́, ọ̀rá kòkó tí ó wọ́n lówó ni a fi ń là á. Láti nǹkan bí ọdún 1930 ni àwọn aṣe-ṣokoléètì ti mọ̀ pé bí a bá fi lẹ́sítìnì gíráàmù 3 sí 5 sínú kílò kan, yóò bo ara ṣúgà, gbogbo rẹ̀ yóò sì máa ṣàn geere. Èyí tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ ọ̀rá kòkó tí ó tó ìlọ́po mẹ́wàá rẹ̀.

Wàrà pàápàá mọ ọgbọ́n yìí kí ilé-iṣẹ́ kankan tó wà. Ọ̀rá tí ó wà nínú wàrà màlúù, àti nínú wàrà ọmú ìyá, pín sí ẹ̀kán wẹ́wẹ́ tí ojú kò lè rí, fosfolípìdì ni ó sì fi wé ara ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan bí aṣọ, kí wọ́n má bàa dà pọ̀ di òróró. Ṣùgbọ́n bí a bá ti gbẹ wàrà di ìyẹ̀fun, tí a sì dà á sínú omi, ọ̀rá ara rẹ̀ a lé omi sẹ́yìn, a sì ṣù ní kókó-kókó. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fọ́n lẹ́sítìnì díẹ̀ sí ìyẹ̀fun wàrà tí wọ́n bá fẹ́ kí ó tètè yòrò. Nínú bọ́tà tí a fi òróró ṣe, òun ni kì í jẹ́ kí omi inú rẹ̀ máa ta pàràpàrà nígbà tí a bá fi dín nǹkan. Àwọn tí ń ta ṣáwámà pàápàá ń lò ó: ìpara funfun tí wọ́n ń fi sí i, òróró àti ọtí kíkan ni, tí pupa ẹyin so pọ̀.

Níbo ni lẹ́sítìnì ti ń pọ̀ tó báyìí? Nínú òróró ẹ̀wà sóyà ni. Bí a bá ti fún òróró náà tán, fosfolípìdì wà nínú rẹ̀, ó tó nǹkan bí gíráàmù 20 nínú kílò kan. Bí a bá da omi gbígbóná díẹ̀ sí i, orí rẹ̀ tí ó fẹ́ràn omi a fa omi náà mọ́ra, a wú, a sì sọ̀ kalẹ̀ bí oje igi. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tí ó ń ba òróró jẹ́ ni àwọn ènìyàn kà á sí tẹ́lẹ̀. Àwọn ará Jámánì ni ó kọ́ bí a ti í sọ ọ́ di ọjà ní àárín ọdún 1920 sí 1930.

Àwọn amòye tí ń ṣọ́ oúnjẹ fún Yúróòpù tún un yẹ̀ wò ní 2017, wọ́n sì rí i pé kò sí ewu nínú rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tí ó ti ju ọmọ ọdún kan lọ. Ẹni tí ara rẹ̀ bá kọ ẹyin tàbí ẹ̀wà sóyà nìkan ni ó yẹ kí ó kíyè sí i, kí ó sì béèrè lọ́wọ́ dókítà. Ṣùgbọ́n kí á má ṣe rò pé nítorí pé E322 kò ní ewu, oúnjẹ tí ó wà nínú rẹ̀ dára fún ọmọ. Ṣúgà tí ó pọ̀ nínú ṣokoléètì kò dín kù nítorí onílàjà.

ÒGIRI ARA WA

A ti rí iṣẹ́ rẹ̀ nínú agolo. Iṣẹ́ tí ó ń ṣe nínú ara wa ju èyí lọ lọ́pọ̀lọpọ̀. Yàrá kéékèèké tí a ń pè ní sẹ́ẹ̀lì ni a fi kọ́ ara ènìyàn. Omi wà nínú yàrá kọ̀ọ̀kan, omi sì yí i ká. Kí ni ó ya omi inú kúrò lára omi òde? Ní 1925, àwọn ará Họ́láǹdì méjì, Gorter àti Grendel, yọ ọ̀rá láti ara sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa, wọ́n sì tẹ́ ẹ sójú omi. Wọ́n rí i pé ó fẹ̀ tó ìlọ́po méjì ara àwọn sẹ́ẹ̀lì náà. Wọ́n mọ̀ nígbà náà pé ìpele méjì ni ọ̀rá náà: orí wọn kọjú sí omi nínú àti lóde, ìrù wọn sì fara pamọ́ sí àárín. Ògiri gbogbo ara wa nìyẹn, ó sì tín-ín-rín tó bẹ́ẹ̀ tí ó jẹ́ pé bí a bá to 20,000 rẹ̀ lé ara wọn, wọn kò ju bébà kan lọ ní sísanra. Ọpọlọ ni ó kún fún ọ̀rá yìí jù. Dókítà Thudichum, tí a bí ní Jámánì tí ó sì ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, ni ó fi èyí hàn nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1884.

Gbogbo wa ni a rántí ọdún 2020, nígbà tí àrùn kòrónà dé Èkó, tí a gbé korobá omi àti ọṣẹ sí ẹnu ọ̀nà ilé ìfowópamọ́ àti ilé-ìtajà gbogbo. Ọ̀pọ̀ ènìyàn béèrè pé, kí ni ọṣẹ lásán lè ṣe sí àrùn tí ó ń pa ọba àti ìjòyè? Ìdáhùn rẹ̀ nìyí: aṣọ fosfolípìdì ni kòkòrò àrùn náà wọ̀. Ọṣẹ pẹ̀lú ní orí tí ó fẹ́ràn omi àti ìrù tí ó fẹ́ràn epo. Bí ó bá ti kan aṣọ náà, a fi ìrù rẹ̀ wọ inú rẹ̀, a sì fà á ya.

ÈÉMÍ ÀKỌ́KỌ́ ỌMỌ

Nísinsìnyí ni a dé ibi tí ọ̀ràn yìí ti di ti ikú àti ìyè. Inú ẹ̀dọ̀fóró wa kún fún àpò kéékèèké tí afẹ́fẹ́ ń wọ̀. Inú àpò wọ̀nyí tutù. Ẹ mọ bí àpò láílọ́ọ̀nù ti í rí bí omi bá wọ inú rẹ̀: ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì a lẹ̀ mọ́ra, ó sì ṣòro láti là. Bẹ́ẹ̀ ni ìbá rí nínú ẹ̀dọ̀fóró nígbàkígbà tí a bá mí èémí jáde, bí kò ṣe pé fosfolípìdì tẹ́ sójú omi inú rẹ̀, tí kò jẹ́ kí ó lẹ̀ pọ̀. Nígbà tí oyún bá pé nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 24 ni ẹ̀dọ̀fóró ọmọ ń bẹ̀rẹ̀ sí í pèsè ọ̀rá yìí. Ó sì di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 34 kí ó tó tó o. Ọmọ tí a bá bí ṣáájú àkókò yìí a máa jìjàkadì fún gbogbo èémí tí ó ń mí.

Fún ìgbà pípẹ́, àwọn dókítà kò mọ ohun tí ń pa irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ní 1959 ni Dókítà Mary Ellen Avery àti Jere Mead ní Amẹ́ríkà fi hàn pé ọ̀rá yìí ni kò tó nínú ẹ̀dọ̀fóró wọn. Owó kò sì lè rà á nígbà náà. Ní oṣù August 1963, a bí ọmọkùnrin kan fún Ààrẹ Kennedy ti Amẹ́ríkà ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún àti ààbọ̀ ṣáájú àkókò. Patrick ni orúkọ rẹ̀. Gbogbo agbára ìjọba baba rẹ̀ kò lè gbà á; ó kú ní ọjọ́ kejì tí a bí i. Ní 1980 ni Dókítà Fujiwara ní Japan kéde pé òun ti fi irú ọ̀rá bẹ́ẹ̀, tí a yọ láti ara ẹ̀dọ̀fóró màlúù, sínú ẹ̀dọ̀fóró ọmọ mẹ́wàá, ó sì ràn wọ́n lọ́wọ́.

Oògùn ti Fujiwara wọ́n púpọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà mìíràn wà tí kò wọ́n. Ní 1972, Liggins àti Howie ní New Zealand fi hàn pé bí a bá gún ìyá ní abẹ́rẹ́ kan nígbà tí ó bá dà bí ẹni pé ọmọ fẹ́ wá ṣáájú àkókò, ẹ̀dọ̀fóró ọmọ inú rẹ̀ yóò tètè pèsè ọ̀rá náà. Àwọn kan ṣiyèméjì bóyá yóò ṣe rere ní ilẹ̀ tí kò lọ́rọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé fi oògùn dexamethasone dán an wò ní ilé-ìwòsàn 29 ní Nàìjíríà, Kẹ́ńyà, Íńdíà, Pakistan àti Bangladesh, lára obìnrin 2,852, a sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2020. Nínú 1,000 ọmọ tí ìyá wọn kò gba oògùn náà, nǹkan bí 235 ni ó kú kí wọ́n tó pé ọjọ́ 28. Nínú 1,000 tí ìyá wọn gbà á, nǹkan bí 196 ni. Ìyàtọ̀ náà jẹ́ ọmọ 39. Ẹni tí ó bá ti sin ọmọ rí mọ ohun tí 39 túmọ̀ sí.

Abẹ́rẹ́ yìí kì í ṣe ohun tí a ń rà lọ́wọ́ oníṣòwò oògùn fún ìlò ilé. Dókítà ní láti mọ iye ọ̀sẹ̀ oyún, ó sì ní láti wà ní ibi tí a ti lè tọ́jú ọmọ kíkéré. Nítorí náà ni a fi ń bẹ ẹ̀yin ọkọ àti ẹ̀yin ìyá ọkọ pé kí ẹ má ṣe dá aboyún dúró de oṣù keje kí ó tó lọ forúkọ sílẹ̀. Kí ó lọ ní kùtùkùtù, kí ó sì kọ ọjọ́ tí ó rí nǹkan oṣù rẹ̀ gbẹ̀yìn sílẹ̀. Bí inú bá ń fún un tàbí tí omi bá dà ṣáájú àkókò, kí a gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn ńlá lójú ẹsẹ̀. Àwọn ará Ìkẹjà ní LASUTH nítòsí, nínú ọgbà èyí tí Ilé Àyìnkẹ́ wà, tí Sir Mobolaji Bank-Anthony kọ́ fún ìtọ́jú àwọn aboyún.

NÍNÚ ILÉ ÌDÁNÁ WA

Ní ti oúnjẹ, ara wa fúnra rẹ̀ ni ó ń kọ́ fosfolípìdì tí ó ń lò. Èyí tí a bá jẹ, inú wa a kọ́kọ́ tú u palẹ̀ kí ó tó tún un tò. Kò sí hóró kan tí ń gba ọ̀nà tààrà lọ sí ọpọlọ. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a fún ara ní ohun tí yóò fi kọ́lé. Ọ̀kan pàtàkì nínú wọn ni kolíìnì, tí ó jẹ́ orí lẹ́sítìnì. Àwọn amòye Amẹ́ríkà fi lélẹ̀ ní 1998 pé kí aboyún máa rí mílígíráàmù 450 rẹ̀ lójúmọ́, kí ìyá tí ń fọ́mọ lọ́mú sì máa rí 550. Ẹyin ńlá kan ní nǹkan bí 147. Ẹ̀dọ̀ màlúù, ẹja, ẹran, ẹ̀pà àti ẹ̀wà sóyà pẹ̀lú ní i. Láti nǹkan bí ọdún 1985 ni àwọn onímọ̀ IITA ní Ìbàdàn ti ń kọ́ àwọn ìyá bí a ti í fi ẹ̀wà sóyà sínú ògì àti mọ́ínmọ́ín, owó rẹ̀ kò sì tó ti hóró inú ìgò.

Àwọn baba wa a máa sọ pé ọmọ tí a bá fún ní ẹyin yóò di olè. A kò gàn wọ́n. Nígbà náà, ẹyin kò pọ̀, ẹyin ní ń di àkùkọ, ẹni tí ó bá sì jẹ ẹyin lónìí kì yóò ní adìyẹ lọ́la. Ṣùgbọ́n ẹ ro òwe náà dáadáa. Bí ẹyin bá ń di àkùkọ, a jẹ́ pé ohun gbogbo tí a fi ń kọ́ ògiri ara, ọpọlọ, ẹ̀dọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ ti wà nínú rẹ̀. Ọmọ tí kò tí ì kọ́ ilé ara tirẹ̀ tán ni ó yẹ kí ó jẹ ẹ́, kì í ṣe baba tí ilé tirẹ̀ ti gbó.

Nítorí náà, kí baba tí ó ti ń jẹ ẹyin méjì ní òwúrọ̀ nígbà tí àwọn ọmọ ń wò ó pín ọ̀kan fún wọn. Kí ìyá tí ó ti ń tọ́jú owó hóró lẹ́sítìnì fi ra ẹyin, kí ó sè é títí pupa rẹ̀ yóò fi le. Kí ẹni tí ó bá sì rí E322 lára agolo fi ọkàn balẹ̀: onílàjà tí ó wà nínú ẹyin ni, òun náà sì ni ó ń ṣọ́ èémí tí a ń mí.